Wákàtí Méjì ní Ọjọ́ Àìkú

Abúlé Waidakua,
Erékùṣù Taveuni.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ku ọjọ́ mẹ́tàlá kí Ọjọ́ Fiji pé.

Torika ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí Isimeli ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ yín, Ulamila àti Watisoni. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ṣé ikọ́ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu lọ́dún tó kọjá kò padà wá mọ́? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ òkun tí kì í tòògbé, kó máa ṣọ́ gbogbo yín. Òjò tó ń rọ̀ sórí páànù ilé yín ní Suva, kó má di omijé. Igi tí Isimeli ń tẹ̀ gun inú ọkọ̀ ní èbúté lójoojúmọ́, kó má yọ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gba àdúrà yìí kí n tó mú bírò, kí o má baà rò pé inú ìwé nìkan ni mo ti gbà á.

Àwa náà wà níbí. Òjò kò jẹ́ ká rímú mí láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kókò tí bàbá rẹ gbìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ odò sì ti mu omi ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹlẹ́dẹ̀ baálẹ̀ wọ ilé ìjọsìn láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó jẹ gbogbo òdòdó orí tábìlì tán, ó wá lọ sùn síbi tí àwọn akọrin máa ń jókòó sí. Àwọn èèyàn fẹ́ lù ú, pásítọ̀ ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, pé ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti jókòó síbẹ̀ kí agogo tó lù. Àwọn akọrin kò tíì bá pásítọ̀ sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ náà.

Jẹ́ kí n wá sọ ohun tó jẹ́ kí n mú ìwé. Lọ́jọ́ Ẹtì, fóònù mi dún. Obìnrin kan ni, ohùn rẹ̀ dùn bíi ti àwọn tó ń ka Bíbélì nínú rédíò. Ó béèrè bóyá èmi ni Varanisese, mo ní èmi ni. Ó ní ilé àlejò kan ní ìhà Matei ni òun ti ń pè, pé ọmọ mi Torika ti kọ orúkọ mi sínú fọ́ọ̀mù pé èmi ni kí wọ́n pè bí ewu bá ṣẹlẹ̀, òun sì fẹ́ mọ̀ bóyá nọ́ńbà náà ń lọ. Torika, mi ò gbọ́ èyí tó kù. Ìwọ náà bá mi rò ó. Ẹni tí wọ́n máa pè bí ewu bá ṣẹlẹ̀, wọ́n ti pè é, kí ló tún kù? Mo ju fóònù sórí ẹní, mo figbe ta. Kó tó di pé oòrùn yí, àwọn obìnrin ti kún ilé wa, ìyá arúgbó tó wà lẹ́yìnkùlé wa ti gbé ẹní tuntun méjì wá, ìkòkò kókò ti wà lórí iná, baálẹ̀ sì ti rán àwọn géńdé méjì lọ mú ẹlẹ́dẹ̀ tó jẹ òdòdó yẹn wá kí wọ́n lè pa á fún àwọn tó ń bọ̀ wá kẹ́dùn.

Akanisi ìyàwó pásítọ̀ ni kò sunkún. O mọ̀ ọ́n, kì í sunkún láìtíì wádìí. Òun ló mú fóònù nílẹ̀ tó pè ọ́, o sì sọ fún un pé ẹ wà nílé, pé ẹ̀ ń fi tíì jẹ búrẹ́dì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ẹlẹ́dẹ̀ náà dúpẹ́ tiẹ̀. Ṣùgbọ́n kókò ti jinná, a ò lè dà á nù, a jẹ ẹ́ pẹ̀lú orin ọpẹ́, ìyá arúgbó ká ẹní rẹ̀ méjèèjì padà sílé. Bàbá rẹ nìkan ni kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Ó ní wákàtí kan tí òun fi gbà pé o ti kú, ohun tí òun ń rò kò ju pé bí wọ́n bá kó àwọn ọmọ tí o bí wá fún òun, òun ò ní mọ ojú wọn. Jọ̀ọ́, má kọ orúkọ mi síbi ewu mọ́. Bí fọ́ọ̀mù náà bá ní ibi tí wọ́n ń kọ ẹni tí wọ́n máa pè bí oúnjẹ bá jinná, ibẹ̀ ni kí o kọ mí sí.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò yín ti hú jáde. O sọ fún Akanisi pé ẹ fẹ́ fi yà wá lẹ́nu ni, o sì fi ètò rẹ̀ ránṣẹ́ sínú fóònù rẹ̀, ó kà á sí mi létí lẹ́ẹ̀mejì. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì lẹ máa wọ ọkọ̀ ní Suva. Lọ́sàn-án Àbámẹ́ta lẹ máa gúnlẹ̀, ẹ ó lọ wo pátákó tó wà ní Waiyevo, lẹ́yìn náà ilé àlejò. Lọ́jọ́ Àìkú, òṣọ̀ọ̀rọ̀ omi Bouma, láti aago mẹ́sàn-án sí aago kan. Láti aago méjì sí aago mẹ́rin, Waidakua. Aago mẹ́fà, oúnjẹ alẹ́ létí òkun. Lọ́jọ́ Ajé, tó jẹ́ Ọjọ́ Fiji, ẹ ó lọ síbi àpáta tí àwọn ọmọdé ti ń fi ìdí yọ̀ bọ́ sínú odò, ẹ ó sì wọ ọkọ̀ padà. Bó ṣe wà níbẹ̀ nìyẹn. A wà láàárín òṣọ̀ọ̀rọ̀ àti oúnjẹ alẹ́.

Akanisi fi àwòrán yàrá tí ẹ fẹ́ sùn hàn mí. Bẹ́ẹ̀dì náà tóbi, aṣọ rẹ̀ funfun, ẹnìkan sì ti fi táwẹ̀lì ṣe ẹyẹ ọlọ́rùn gígùn méjì, ó gbé wọn sí àárín bẹ́ẹ̀dì, wọ́n kọjú síra wọn. Mo bi í pé ta ló ni àwọn ẹyẹ yẹn, ó ní àlejò ni wọ́n ṣe é fún. Mo ní ibo ni àlejò wá máa sùn sí? Ó ní wọ́n á tú u ká. Mo ronú sí i títí. Ẹni tó fi òwúrọ̀ ṣe ẹyẹ tí àlejò á tú ká lálẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ le ju iṣẹ́ oko lọ, bí o bá débẹ̀ kí o dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí o sì gbé àwọn ẹyẹ náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

Ó tún fi Bouma hàn mí. Ọmọ mi, àwọn èèyàn ti ń fún òṣọ̀ọ̀rọ̀ wa ní máàkì bíi ti ọmọ iléèwé. Ọkùnrin kan láti ilẹ̀ Jámánì fún un ní mẹ́ta nínú márùn-ún, ó ní àtẹ̀gùn rẹ̀ pọ̀, omi rẹ̀ sì tutù. Ó dùn mí. Mo ní kí Akanisi bá mi dá a lóhùn, kó sọ fún un pé a tọrọ àforíjì, pé bó ṣe tutù nìyẹn láti ìgbà ìyá ìyá mi, àti pé bó bá ti ránṣẹ́ sí wa ṣáájú, à bá ti gbé tíì gbígbóná dúró dè é nísàlẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́. Kò tíì fèsì títí di òní. Mo ti fi orúkọ rẹ̀ sínú àdúrà ilé wa.

Ti pátákó Waiyevo náà, mo ti gba ibẹ̀ kọjá nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọge, mi ò sì mọ̀ pé ibẹ̀ ni ìlà tí wọ́n fi ń pín ọjọ́ ayé gbà kọjá, pé ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ jẹ́ òní, ẹ̀gbẹ́ kejì jẹ́ àná. Bóyá ìdí nìyẹn tí kókò wa fi máa ń jẹrà kó tó dé Suva, à ń gbé e gba inú àná kọjá láì mọ̀. Nígbà tí Akanisi ń ṣàlàyé rẹ̀, bàbá rẹ béèrè ọ̀rọ̀ kan. Ó ní ẹni tó bá dúró sí ẹ̀gbẹ́ àná, ṣé ojú rẹ̀ á máa ríran bó ṣe ń ríran lánàá? Akanisi rò pé àwàdà ni, ó rẹ́rìn-ín. Èmi ti ń gbé pẹ̀lú ọkùnrin yìí láti ọdún mẹ́rìndínlógójì. Kò ṣàwàdà.

Ojú bàbá rẹ ń lọ, Torika. Mi ò fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù, nítorí bí mo bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, gbogbo abúlé ló máa ń bá mi sọ ọ́. Ìtọ̀ ṣúgà ló fà á. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò ní Labasa sọ fún wa pé ó ti pẹ́ jù, pé kó tó di Kérésìmesì, ìmọ́lẹ̀ lásán ni yóò máa rí, kò ní mọ ojú ẹnikẹ́ni mọ́. Ó gbọ́ ọ, ó kí dókítà pé ó ṣeun, a wọ ọkọ̀ padà. Láàárọ̀ ojoojúmọ́ báyìí, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa ka òpó ilé ìjọsìn. Mẹ́wàá ni wọ́n. Lóṣù tó kọjá ó ka mẹ́sàn-án. Láàárọ̀ àná, mẹ́fà.

Nítorí náà, wákàtí méjì ọjọ́ Àìkú yìí ni mo fẹ́ bá ọ sọ. O mọ ohun tí mo fẹ́ wí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í tóbi ká fi ọ̀bẹ bù ú, ẹnu náà la fi ń wí i. Ọmọ tí a bí sílé ọkọ kì í dédé wọ abúlé ìyá rẹ̀. Àwọn èèyàn bàbá rẹ̀ ló ń gbé ojú rẹ̀ wá. Wọ́n á tẹ́ ẹní fún un kó tẹ̀ ẹ́, wọ́n á mú un lọ́wọ́ wọlé, wọ́n á gbé tabua, eyín àbùùbùtán, kalẹ̀ níwájú bàbá ìyá rẹ̀, wọ́n á ní ojú ọmọ yín nìyí, ẹ wò ó. Ìgbà náà ni wọ́n tó máa wò ó. Ulamila ti pé ọdún méje, Watisoni ti di mẹ́rin, ẹnikẹ́ni kò tíì gbé ojú wọn wá.

O mọ̀ pé bàbá rẹ le lórí ọ̀rọ̀ yìí. Èmi wá sí Suva nígbà tí o bí Ulamila, mo wẹ̀ ẹ́, mo rẹ̀ ẹ́ sùn, mo sì padà wálé láì lè sọ fún bàbá rẹ bí imú rẹ̀ ṣe rí, nítorí ó ní kí n má sọ. Nígbàkígbà tí o bá pè wá tí àwọn ọmọ bá yọ nínú fóònù, ó máa ń kọ̀yìn sí wa, á fi aṣọ borí, á jókòó bẹ́ẹ̀ títí a ó fi sọ̀rọ̀ tán. Àwọn èèyàn fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Baálẹ̀ pàápàá sọ fún un pé fóònù kì í ṣe abúlé. Ó ní ojú tí òun fi ń wo fóònù náà ni òun fi ń wo abúlé. Ṣùgbọ́n ó máa ń gbọ́ ohùn wọn, ọmọ mi. Bí ẹ bá ti pa fóònù, á bi mí lọ́jọ́ kejì pé kí ló ń pa Watisoni lẹ́rìn-ín nígbà tó rẹ́rìn-ín nígbà kẹta.

Nígbà tí Akanisi ka ètò yín dé aago méjì sí aago mẹ́rin, bàbá rẹ ní kó tún un kà. Ó tún un kà. Bàbá rẹ ní àlejò tó bá wá wo ìran lè mú gbòǹgbò yaqona dání wá, òun á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ tayọ̀tayọ̀, òun á pò ó, àwọn á jọ mu, àlejò á wo abúlé, á sì máa lọ. Ó ní ṣùgbọ́n ọmọ ọmọ òun kì í ṣe àlejò, òun ò sì ní gbà wọ́n bí àlejò. Ó ní bí wọ́n bá wọlé bẹ́ẹ̀, òun á fi aṣọ borí fún wákàtí méjì. Inú bí mi. Mo bi í pé ṣé kò mọ iye oṣù tó kù fún ojú náà ni, pé ta ló ń fi ojú tó ń lọ ṣe agídí. Mo sọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí obìnrin sọ níwájú ìyàwó pásítọ̀.

Kò bínú. Ó ní kì í ṣe ara òun ni òun ń ṣe é fún. Ó ní ọmọ tí wọ́n bá gbé ojú rẹ̀ wá ní gbangba ti ní abúlé títí yóò fi kú, kò sí ẹni tó máa bi í léèrè pé níbo lo ti wá, bó bá dàgbà tó sì kùnà nílùú ńlá, ilẹ̀ wà fún un láti gbin kókò. Ó ní ọmọ tí wọ́n bá mú yọ́ wọlé gba ẹ̀yìnkùlé lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀yìnkùlé náà ni yóò máa gbà títí ayé. Ó ní òun yàn kí òun má rí wọn, ju kí òun rí wọn kí wọ́n má nílé lọ. Lẹ́yìn náà ó ní ó ti rẹ òun, ó lọ dùbúlẹ̀.

Mo mọ ìdí tí ẹ fi gba ọ̀nà ilé àlejò. Má rò pé mi ò mọ̀. Bàbá Isimeli ti kú, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Lau ń sọ pé ó di ọdún tó ń bọ̀, ọdún tó ń bọ̀ náà ń sọ bẹ́ẹ̀. Tabua wọ́n, ẹní wọ́n, ọkọ rẹ kò sì lè jáde síwájú bàbá rẹ lọ́wọ́ òfìfo. Ojú ń tì í, ojú ń ti ìwọ náà fún un. Ẹ wá rò ó pé, ẹni tó bá ra tíkẹ́ẹ̀tì, ibi gbogbo ló lè wọ̀, kò sẹ́ni tó máa bi í pé kí ló mú wá. Bí mo bá wà ní ọjọ́ orí rẹ, mo lè rò ó bẹ́ẹ̀. Isimeli kì í ṣe èèyàn burúkú. Ọkùnrin tó ń gé èékánná ìyàwó rẹ̀ nígbà tí oyún kò jẹ́ kó lè tẹ̀, mo fi ojú mi rí i, mi ò ní gbàgbé.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe nìyí. Ẹ má tíì fagi lé ilé àlejò, ẹ kàn ní kí wọ́n máa bá yín tọ́jú àwọn ẹyẹ náà títí di ọjọ́ Àìkú. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tí ẹ bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ẹ má lọ wo pátákó, ẹ má lọ wo omi. Waidakua ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ẹ dúró sí ẹnu odò, ẹ má sọdá, kí ẹ rán awakọ̀ wá sọ fún wa pé àwọn ará Lau kan wà níta tí wọ́n ní ẹrù fún Eparama, bàbá rẹ. Mo ti bá ìyá arúgbó ẹ̀yìnkùlé sọ̀rọ̀ lórí ẹní méjì rẹ̀ yẹn. Ó ní bó ṣe jẹ́ pé orí rẹ kọ̀ wọ́n lọ́jọ́ Ẹtì, kí àwọn ọmọ rẹ máa tẹ̀ wọ́n. Akanisi á mú wọn dúró dè yín létí odò. Kí Isimeli ró ìró sulu tó mọ́, kó jókòó nílẹ̀, kó má gbójú sókè. Bí kò bá rántí gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ, kó sọ èyí tó rántí. Kò sí ẹni tí ohùn gbígbọ̀n rẹ̀ máa bí nínú níbẹ̀.

Ó wá ku tabua. Torika, fara balẹ̀ ka ibi yìí, kí o má kà á sókè. Tabua kan wà nílé yìí. Èyí tí bàbá Isimeli gbé wá ni, nígbà tí ọmọ rẹ̀ mú ọ sá lọ tí òun wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wa. Bàbá arúgbó náà fi òkun jíjìn ọjọ́ mẹ́ta gbé e wá lórí àyà, ìyẹn ló jẹ́ kí bàbá rẹ dárí jì yín lọ́jọ́ náà. Ó wà nínú àpótí tó wà nísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì wa. Bàbá rẹ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Mo máa jí i. Láàárọ̀ ọ̀la, Akanisi ń lọ sí Suva fún ìpàdé àwọn obìnrin ìjọ, òun ló máa mú ìwé yìí wá fún ọ, màá fi tabua náà sínú àpò rẹ̀ láàárín aṣọ. Kí Isimeli gbà á, kó gbé e padà wá. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, kó ní Lau ló ti wá. Kò purọ́. Mo ti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò níwájú Ọlọ́run, Lau ló ti wá lóòótọ́.

Ohun tí mò ń bẹ̀rù kò ju pé bàbá rẹ lè fi ọwọ́ mọ̀ ọ́n. Ó ní ibì kan tó ti sán létí. Bó bá dá a mọ̀ níwájú gbogbo abúlé tó sì kọ̀ ọ́, ó parí, àwọn ọmọ ò tún ní wá mọ́, ojú rẹ̀ ò sì ní dúró de ọdún mìíràn. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì fẹ́ ṣe é. Gbàdúrà fún mi. Olè tí ó máa ń darí orin àwọn obìnrin lọ́jọ́ Àìkú ni màá jẹ́ láti ọ̀la lọ.

Bí o bá ní owó díẹ̀ lọ́wọ́, ra ẹ̀wù funfun kan fún bàbá rẹ, kí ọrùn rẹ̀ fẹ̀. Èyí tó ń wọ̀ lọ sí ilé ìjọsìn ti ya lábíyá, kò sì lè gba ọmọ ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú abíyá yíya. Bí ó bá ṣẹ́ kù, ẹja alágolo mẹ́fà àti kẹrosíìnì díẹ̀. Owó gan-an ni kí o fi rán Akanisi, má fi sínú fóònù mi mọ́. Ogún dọ́là tí o ní o fi sínú rẹ̀ lóṣù Keje ṣì wà níbẹ̀. Mo ti tú ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, bátìrì nìkan ni mo rí.

Kí Ọlọ́run bá mi mú yín gúnlẹ̀. Kí ìgbì má mọ orúkọ yín. Kí ẹ má bá ẹkún nílé.

*

Àárọ̀ Ọjọ́rú. Mo tún ṣí ìwé náà, nítorí Akanisi ti ń dúró dè mí, mo sì gbọ́dọ̀ sọ èyí kó tó lọ.

Bàbá rẹ wà níta, mo yọ́ wọ yàrá, mo fa àpótí jáde. Aṣọ tí tabua náà máa ń wà nínú rẹ̀ wà níbẹ̀, òfìfo ni. Mo jókòó sílẹ̀. Mo rò pé ó ti gbọ́ ohun tí mo ń gbìrò, ó ti gbé e pa mọ́. Ìgbà tí mo gbójú sókè ni mo rí i. Orí ìrọ̀rí mi ló wà, lórí aṣọ tí mo ti ká kalẹ̀ láti wọ̀ sin Akanisi lọ sétí ọkọ̀, níbi tí mi ò lè ṣe kí n má rí i. Ó ti fi òróró àgbọn pa á, ó ń dán. Okùn rẹ̀ àtijọ́ tó ti gbó kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ti fi fọ́nrán àgbọn hun òmíràn sí i, tuntun, ó nípọn, ọwọ́ ló fi hun ún nítorí ojú kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́. Mi ò mọ ìgbà tó hun ún. Ó ní ibì kan láàárín tí ìhun náà ṣì, tó gba orí ara rẹ̀ kọjá. Má jẹ́ kí Isimeli tú u, má jẹ́ kó tún un ṣe.

Mo dì í sínú aṣọ, mo jáde. Bàbá rẹ jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Mo sọ fún un pé mò ń sin Akanisi lọ sétí ọkọ̀. Ó ní ó dáa. Mo ti ń lọ kó tó tún pè mí, ó ní kí n sọ fún Akanisi kó gbé e sórí ẹsẹ̀ rẹ̀ títí dé Suva, kí omi iyọ̀ má kàn án. Kò sọ ohun tí kó gbé, èmi náà ò bi í.

Èmi ni ìyá rẹ,
Varanisese.